Màmá Fọ́tòkópì Kò Sọ̀kalẹ̀

Ẹ̀rù ni mo kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ ìyá bàbá mi. Kí n tó mọ orúkọ wọn, kí n tó mọ̀ pé Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti wá sí Ìbàdàn, mo ti mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń bà wọ́n. Ilẹ̀kùn iwájú ilé wọn ní Bódìjà ní àgádágodo mẹ́ta, tẹ̀yìn ní méjì, irin sì wà lójú gbogbo fèrèsé. Bí iná bá lọ lójijì, wọ́n á kọ́kọ́ pe orúkọ gbogbo ẹni tó wà nílé kí wọ́n tó wá tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí kò bá tètè dáhùn, ó dá wàhálà sílẹ̀ nìyẹn. Wọn kì í gun ọ̀kadà. Wọn kì í mu omi nílé ẹni tí wọn ò mọ̀ dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ wa láti ìta lọ́sàn-án gangan, a ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ, àfi tó bá pè wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ó ti pé oṣù márùn-ún báyìí tí Màmá kú. Àwọn tó wá kí wa sọ̀rọ̀ nípa ọ̀yàyà wọn, nípa ìrun wọn tí wọn kì í pa jẹ, nípa ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkópì tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó sí ní Agbowó. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ẹ̀rù náà, bóyá nítorí wọ́n rò pé àbùkù ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ èyí nìyẹn.

Màmá ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń kọ nọ́mbà ọkọ̀ sí. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá wọ̀ níṣojú wọn, wọ́n á ka nọ́mbà rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì kọ aago tó gbéra sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ojú máa ń tì mí. Ọ̀rẹ́ mi á ti jókòó sínú kẹ̀kẹ́, awakọ̀ á máa kùn, Màmá á tẹ̀ ba lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú awò ojú wọn, wọ́n á máa ka nọ́mbà náà jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń kọ́ Kùránì. Lọ́jọ́ kan mo ní ó tó gẹ́ẹ́, kí ló dé gan-an. Màmá ní kí n jókòó. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn ní àbúrò ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Múfútàù. Ó wọ ọkọ̀ Èkó ní Challenge láàárọ̀ ọjọ́ kan nítorí iṣẹ́ tó fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀. Kò dé Èkó, kò sì padà wá sí Ìbàdàn. Nígbà tí ẹbí dé garéèjì láti wá a, àwọn ará garéèjì bi wọ́n pé ọkọ̀ wo ló wọ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni Màmá ló sìn ín débẹ̀, àwọn gan-an ni wọ́n na àpò rẹ̀ sí i lójú fèrèsé.

“Àwọ̀ ọkọ̀ nìkan ni mo rántí,” ni Màmá sọ fún mi. “Ọkọ̀ aláwọ̀ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀.”

Láti ìgbà náà, wọn ò dé Challenge mọ́. Bí ohun tí wọ́n fẹ́ rà bá wà níbẹ̀ nìkan, wọ́n á ṣe bí ẹni pé kò sí láyé.

Irú ẹ̀rù yìí náà ló wà nínú òwò wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, pé kí wọ́n bá òun ṣe ẹ̀dà kan, méjì ni Màmá máa ṣe, wọn ò sì ní gbowó ìkejì. Àwọn ọmọ yunifásítì á rẹ́rìn-ín. Màmá Fọ́tòkópì ni wọ́n ń pè wọ́n, gbogbo Agbowó ló sì mọ orúkọ náà. Mo rántí ọmọkùnrin kan tó kọ̀ láti gba ẹ̀dà kejì, tó ní òun ò nílò rẹ̀. Màmá fi sí i lọ́wọ́, wọ́n ní, “Ohun tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù tán.”

Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni eré tí mo ṣe fúnra mi ti bẹ̀rẹ̀. Eré orí tábìlì ni mo fẹ́ràn. Kì í ṣe ti orí fóònù o. Èyí tí èèyàn mẹ́rin márùn-ún máa jókòó yí ká ni, tí wọ́n á tẹ́ pátákó sílẹ̀, tí wọ́n á pín káàdì, tí wọ́n á máa wo ojú ara wọn. Lúdò àti wọ́ọ̀tì ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí n tó mọ̀ pé oríṣiríṣi ló wà: èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ìlú, èyí tí wọ́n fi ń ṣòwò lórí òkun, èyí tí wọ́n fi ń sọ ìtàn. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tèmi, eré kan nípa àwọn ọ̀nà Ìbàdàn. Màmá ló bá mi tẹ káàdì rẹ̀ jáde, tí wọ́n gé e lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì fi ọ̀rá lámínétì bò ó. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan títí tí káàdì fi lé ní ọgọ́ta. Ìgbà náà ni wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní kí n kọ́ àwọn náà.

Wíwòye ni Màmá fi ń ta eré. Wọn ò ní fọwọ́ kan dáìsì, nítorí àáfà tó kọ́ wọn ní kéwú ní kékeré ti kìlọ̀ fún wọn. Wọ́n gé bébà mẹ́fà, wọ́n kọ oókan dé ẹẹ́fà sí wọn, wọ́n kó wọn sínú agolo mílíìkì, bí ó bá kan àwọn, wọ́n á ki ọwọ́ bọ agolo. Wọn kì í sáré. Wọ́n á fi ọmọ ayò wọn pamọ́ sẹ́yìn, wọ́n á máa ṣọ́ tiwa, ibi tí a bá ti ń jà ni wọ́n á gbà kọjá dé ilé. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Màmá ní, “Ìwọ ń wo ibi tí ò ń lọ. Èmi ń wo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi.”

Agolo yẹn dá ìjà sílẹ̀ láàárín Màmá àti Ìyá Sàídì, ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́ ní àsàlátù. Ìyá Sàídì gbọ́ pé Màmá ń bá àwọn ọmọdé ta ayò, ó wá sílé wá sọ pé tẹ́tẹ́ ni. Màmá da agolo náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kó lè rí i pé kò sówó níbẹ̀. Ìyá Sàídì ní tẹ́tẹ́ tí kò sówó níbẹ̀ lónìí, ó ń dúró de owó ni. Wọn ò kí ara wọn mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrun Màgírííbì, Màmá á tẹ nọ́mbà Ìyá Sàídì láti orí, kò sí nínú ìwé kankan, wọ́n á gbọ́ tó bá sọ pé “Hẹ́lò”, wọ́n á sì pa fóònù láìsọ̀rọ̀. Mo ní kí ni gbogbo eléyìí. Màmá ní, “Ìjà ni mò ń bá a jà. Mi ò ní kó má délé.”

Lọ́dọọdún ni àwa tí a fẹ́ràn eré orí tábìlì máa ń pé jọ ní gbọ̀ngàn kan ní Bódìjà, láti àárọ̀ Sátidé kan títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan ń wá láti Òṣogbo àti Abẹ́òkúta. Tábìlì á tó ogún, ariwo á pọ̀, ẹni tí ò mọ ẹnì kankan á rí ibi jókòó. Nígbà tí mo sọ fún Màmá pé mo fẹ́ lọ, ojú wọn yí padà. Ìròyìn pọ̀ nígbà náà nípa àwọn kan tó ń fi bọ́ọ̀sì kó ọ̀dọ́ ní títì, tí wọ́n ní agbófinró ni àwọn. Bí irun ọmọ bá ti gùn, tàbí kọ̀ǹpútà bá wà nínú àpò rẹ̀, wọ́n á ní oníjìbìtì ni. Màmá ní kí n má lọ. Mo ní mo máa lọ. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé mi nìyẹn, pẹ̀lú híjáàbù wọn àti agolo wọn, wọ́n sì jókòó ti ilẹ̀kùn bí ẹni tó wá gba ẹni tó wà látìmọ́lé.

Ní tábìlì tó sún mọ́ wọn, wọ́n ń ta eré kan tí ẹnikẹ́ni kì í bá ẹnìkejì jà. Omi ló ń kún bọ̀ lórí pátákó, gbogbo àwọn tó ń ta á ní láti jọ kó àwọn ará abúlé jáde. Màmá wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi ọmọkùnrin tó ń darí eré náà pé ta ló máa ń jẹ. Ó ní gbogbo wọn ni, tàbí kí ẹnikẹ́ni má jẹ. Màmá ní, “Bó bá wá ku ẹnì kan ṣoṣo sínú omi ńkọ́?” Ó ní gbogbo wọn ti pàdánù nìyẹn.

Màmá dìde, wọ́n gbé àga wọn kúrò nídìí ilẹ̀kùn, wọ́n gbé e sún mọ́ tábìlì. Mi ò rí i rí kí wọ́n kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. “Ẹ pín tèmi,” ni wọ́n sọ.

Ọdún kejì, àwọn gan-an ni wọ́n rán mi létí ọjọ́ náà.

Ọdún kejì yìí ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Alásárì tán ní kọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ni. Ọkùnrin mẹ́rin wọlé, aṣọ dúdú ni wọ́n wọ̀, kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀, méjì nínú wọn gbé ìbọn. Ẹni tó ṣáájú, ọkùnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ ò ròkè rárá, ní wọ́n ti ta àwọn lólobó pé tẹ́tẹ́ àti jìbìtì là ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n dojú tábìlì dé. Wọ́n mú ọmọkùnrin mẹ́ta tí irun wọn gùn. Wọ́n tú àpò mi, wọ́n rí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ya eré mi, wọ́n mú èmi náà. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ń jẹ́ Tóbi. Akólòlò ni. Ó fẹ́ ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ ò jáde, wọ́n gbá a létí.

Bí wọ́n ṣe ń tì wá sínú bọ́ọ̀sì, mo wẹ̀yìn. Mo rí Màmá. Gbogbo ara wọn ń gbọ̀n, tó jẹ́ pé mò ń gbọ́ tí bébà ń dún nínú agolo ọwọ́ wọn. Mo rò pé wọ́n máa ṣubú ni. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n ka nọ́mbà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ fóònù. Kì í ṣe bàbá mi ni wọ́n pè. Ìyá Sàídì ni, nítorí nọ́mbà rẹ̀ nìkan ló wà lórí wọn. Wọn ò kí i. Wọ́n ka nọ́mbà ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá dárúkọ mi, wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́ wà nínú rẹ̀. Èmi náà ń wọ̀ ọ́ báyìí.” Wọ́n sì wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà tì wọ́n, wọ́n di irin ilẹ̀kùn mú, wọ́n jókòó tì mí.

Ọkùnrin kúkúrú náà gba fóònù gbogbo wa. Ó ní kí a ṣí i, kí a pe àwọn òbí wa kí wọ́n wá rà wá. A gbéra. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí à ń lọ.

Ní Ṣángó, gòsílóò dá wa dúró. Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó wo Màmá, ó jọ pé ọ̀rọ̀ wọn ti ń sú u. Ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ó ní, “Màmá, ẹ mú ọmọ yín, kí ẹ máa lọ. A ò bá yín jà.”

Ilẹ̀kùn ṣí. Mo rí obìnrin kan tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá títì. Mo rí ọmọ iléèwé tó ń jẹ búrẹ́dì. Ayé wà níbẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ kan lọ. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé wa, àfi Màmá fúnra wọn, ni mo fẹ́ kọ síbí yìí. Mo di híjáàbù wọn mú, mo fà wọ́n. Mi ò wo ẹ̀yìn, mi ò wo Tóbi. Mo fà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá ń wo ilẹ̀kùn náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Àwọn mẹ́ta yìí ńkọ́?”

Ọkùnrin náà ní ṣé ọmọ wọn ni. Màmá ní rárá, àwọn ò mọ̀ wọ́n. Ó ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ nígbà náà.

“Ẹ̀rù yín ń bà mí gan-an,” ni Màmá sọ. Ohùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. “Ṣùgbọ́n mo máa dúró dè wọ́n.”

Wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Mi ò ní purọ́, inú bí mi sí ìyá bàbá mi nígbà náà débi pé mi ò lè wo ojú wọn.

A kọjá Mókọ́lá, a kọjá Dùgbẹ̀. Nígbà tí a já sí Ring Road, Màmá mọ̀ pé ọ̀nà Challenge la dorí kọ. Eyín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Mo nímọ̀lára pé àga tí a jọ jókòó lé tutù, ó wá yé mi pé wọ́n ti tọ̀ sára. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ kejì wà léjìká Tóbi.

Ìgbà náà ni fóònù Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò ọkùnrin náà. Ó pa á, ó tún dún. Ó pa á, ó tún dún. Nígbẹ̀yìn ó gbé e, mo sì gbọ́ ohùn Ìyá Sàídì. Kò pariwo rárá. Ó ka nọ́mbà bọ́ọ̀sì náà fún un, ó ní òun ti fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ìyá àsàlátù, ọmọ ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ lọ́yà, ó ti wà lọ́nà. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ ibi tí wọ́n dé ni.

Ọkùnrin náà pa fóònù náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, bọ́ọ̀sì yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Challenge. Wọ́n ní kí gbogbo wa bọ́lẹ̀. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà mi lọ, àti fóònù méjì. Màmá ló kẹ́yìn gbogbo wa sọ̀kalẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan wa lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin. Mo bọ́ súwẹ́tà mi, mo fi ró wọn nídìí. Tóbi dá takisí dúró fún wa. Kí Màmá tó wọ̀ ọ́, wọ́n ka nọ́mbà rẹ̀ sí mi létí, wọ́n ní kí n há a sórí.

Ìyá Sàídì ti dúró sẹ́nu géètì kí a tó délé. Àwọn méjèèjì di mọ́ ara wọn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún sọ pé tẹ́tẹ́ ni, àmọ́ orí àwo oúnjẹ Màmá ló ti sọ ọ́.

Bí mo bá ní ọjọ́ yẹn sọ Màmá di akíkanjú, irọ́ ni. Ẹ̀rù wọn pọ̀ sí i ni. Wọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù fún oṣù kan gbáko. Bí bọ́ọ̀sì bá fun fèrè níta, wọ́n á di ògiri mú. Bàbá mi bá àwa méjèèjì wí, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí ayò kankan nílé náà mọ́. Kò ju oṣù mẹ́jọ lọ lẹ́yìn náà tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá Màmá dùbúlẹ̀, tí wọ́n sì lọ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà lọ́jọ́ Alámìísì kan. Dókítà ní àìsàn náà ti wà lára wọn tipẹ́. Bàbá mi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń jí pẹ̀lú àyà jíjá, tí mo máa ń rò pé eré mi ló pa wọ́n.

Níbi fídáù, Tóbi wá pẹ̀lú àwọn méjì yòókù. Wọ́n jókòó sórí ẹní lẹ́yìn àwọn àáfà, ìjókòó náà sì ni wọ́n lára, nítorí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni méjì nínú wọn. Nígbà tí bàbá mi bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti mọ Màmá, Tóbi gbìyànjú títí kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ó ní, “Wọn ò mọ̀ wá rárá, Sà.” Ó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣángó. Bàbá mi ò gbọ́ ọ rí. Wọ́n wo ojú mi, mo wolẹ̀. Tóbi ò sọ pé mo fa Màmá láṣọ. Bóyá kò rí i. Bóyá ó rí i.

Màmá rí i. Mo mọ̀, nítorí mo bi wọ́n. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n kú, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Wọ́n dùbúlẹ̀, mò ń bá wọn gé èékánná ẹsẹ̀. Mi ò lè gbé ojú sókè. Mo ní, “Màmá, mo fẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀.”

Màmá ní, “Mo mọ̀.”

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má bínú. Wọ́n pa ojú dé, mo rò pé oorun ti gbé wọn lọ.

“Èmi náà fẹ́ sọ̀kalẹ̀, Àbẹ̀kẹ́,” ni wọ́n sọ. “Ẹsẹ̀ mi ni kò gbéra.”

Mo wò wọ́n bóyá wọ́n ń ṣàwàdà. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yí ojú sí ògiri, wọ́n sì na ẹsẹ̀ kejì sí mi.